Èsì: Bí epo ṣe fa ọrọ̀ ajé sẹ́yìn ní 2016

Ẹ ṣeun fún ìbéèrè yín nípa ìdí tí ọrọ̀ ajé Nàìjíríà fi dínkù ní 2016, nígbà tí epo rọ̀bì kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí a ń pèsè. Epo ló ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú dọ́là wa wọlé, dọ́là náà sì ni àwọn ilé iṣẹ́ fi ń ra ẹ̀rọ àti èròjà láti òkè òkun. Nígbà tí iye owó epo já wálẹ̀ láti 2014, dọ́là wọ́n, iṣẹ́ falẹ̀, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù, ọjà kò sì tà mọ́. (Lójú tèmi, àìtà ọjà yìí ni a kì í kà sí tó.)

Orílẹ̀-èdè tí ọjà kan ṣoṣo bá ń gbé òwò òkèèrè rẹ̀ ni àlàyé yìí bá mu.