Òwú kan náà ni, ojú ló ń rí méjì

Ẹ̀yin tí ẹ bèèrè láti Iléṣà bóyá kí ẹ ní kí ahunṣọ tú òfì yín, nítorí pé ìlà aláwọ̀ eérú inú rẹ̀ ṣú lẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun, tí ó sì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúdú, ẹ ní sùúrù ná. Ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ ni ojú fi ń díwọ̀n rẹ̀.

Èmi tí mo ń hunṣọ ní Ilé-Ifẹ̀ ti jìyà ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ẹbí ìyàwó kan gbé aṣọ padà fún mi, wọ́n sì mú ọkùnrin kan tí ó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀mọ̀ràn aṣọ lẹ́yìn. Kò fọwọ́ kan aṣọ náà rárá, òkèèrè ni ó dúró sí tí ó fi ní aró méjì ni. Mo fa fọ́nrán yọ láti ìlà méjèèjì, mo lọ́ wọn pọ̀ lórí àtẹ́lẹwọ́ mi níwájú ìyá ìyàwó, kò sì sí ẹni tí ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n bí a ti tún tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ojú tún rí méjì, nítorí pé mímọ òtítọ́ kì í mú ẹ̀tàn yìí kúrò, ọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀ràn náà ni wọ́n sì gbà. Owó mi tí ó kù, wọn kò san án.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Michel Chevreul, tí ó ń bójú tó aró ní ilé ìhunṣọ Gobelins ní Paris, gba irú ẹ̀sùn yìí lórí òwú dúdú. Ó rí i pé àwọn àwọ̀ tí ó yí dúdú náà ká ni ó ń bà á jẹ́ lójú, kì í ṣe aró, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1839. Òjìji náà ń dá kún un: nínú àwòrán tí Edward Adelson, onímọ̀ nípa bí ojú ṣe ń ríran, yà ní Amẹ́ríkà ní 1995, àpótí onígun mẹ́rin kan tí ó wà lábẹ́ òjìji dà bí funfun, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ eérú kan náà ni òun àti èyí tí ó dà bí dúdú nínú ìmọ́lẹ̀.

Ẹ lu ihò méjì sí páálí, kí ẹ fi bo aṣọ náà kí ìlà eérú méjèèjì nìkan hàn, ẹ ó rí i pé àwọ̀ kan náà ni. Ẹ má fi fọ́tò fóònù ṣe ẹ̀rí o, kámẹ́rà a máa pa ìmọ́lẹ̀ dà fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá sì ń ra òwú, ẹ gbé e jáde sí oòrùn, nítorí pé èyí tí ó bára mu lábẹ́ gílóòbù ìsọ̀ tí ó wá yàtọ̀ níta, aró méjì ni ìyẹn lóòótọ́.