Èsì: / ti kún, ṣé apt lè gbé GIMP sí /home?

Ẹ kú iṣẹ́. Rárá, tí / (ìpín dísíìkì tí ètò Linux fúnra rẹ̀ wà) bá kún, apt (irinṣẹ́ tó ń gbé ètò sórí Linux bíi Ubuntu) ò lè gbé GIMP, ètò àtúnṣe àwòrán, sí /home (ibi tí fáìlì tiyín ń wà). Ẹni tó di páálí náà (àpò tí fáìlì ètò náà wà) ló ti yan ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan máa wà: /usr/bin, /usr/lib, /usr/share. Ẹ gba Flatpak lọ, ọ̀nà mìíràn láti gbé ètò sórí Linux. Àṣẹ kìíní ń so ó mọ́ Flathub, ibi tí ètò ti ń wá; èkejì ń gbé GIMP:

1. flatpak remote-add --user --if-not-exists flathub https://dl.flathub.org/repo/flathub.flatpakrepo
2. flatpak install --user flathub org.gimp.GIMP

Ẹ má fo --user yẹn o. Láìsí i, /var/lib/flatpak ló ń lọ, orí / tó ti kún náà nìyẹn. Pẹ̀lú rẹ̀, inú ~/.local/share/flatpak ló máa wà (~ ni fódà tiyín nínú /home).

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ tẹ df -h, àṣẹ tó ń fi ààyè dísíìkì hàn. Tí /home ò bá ní ìlà tirẹ̀ níbẹ̀, orí / náà ló wà, ààyè kankan ò ní ṣí. Kí ẹ sì tẹ sudo apt clean láti pa páálí àtijọ́ rẹ́. Àwọn tí apt ti gbà wálẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì lè ṣì wà nílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé /usr fúnra rẹ̀ lọ sí /home kí ẹ wá fi symlink (àmì tó ń tọ́ka sí ibi tí fódà wà gan-an) so ó. Mo ti bá ẹnìkan tún irú ẹ̀ ṣe: ẹ̀rọ náà ń wá /usr kó tó ṣí /home, kò sì jí mọ́.