Ẹ Béèrè, A Ó Dáhùn: Ère, Òdòdó Rọ́bà àti Jígí Lẹ́nu Ibodè

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun ọ̀ṣọ́ ilé ni mò ń tà ní òpópónà Ọba Adésidà, l'Ákùúrẹ́. Èmi àti àwọn méjì kan fẹ́ dáwó jọ kó ọjà láti Ṣáínà fúnra wa, dípò ká máa lọ rà á l'Ékòó. Ère ló pọ̀ jù níbẹ̀, àti fáàsì. Ajẹ́ńtì tó máa bá wa gbẹ́rù jáde ní Àpápá ní "home decoration" ni òun á kọ, kóòdù kan ṣoṣo ló sì máa gbé gbogbo ẹ̀. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn? — Ìyá Ìbejì, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà, Ìyá Ìbejì. Rárá o, ẹ má gbà fún un. Kóòdù ni nọ́ńbà tí kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń dá ọjà mọ̀, kò sì sí ìkankan tó ń jẹ́ "home decoration" nínú ìwé wọn. HS ni orúkọ ètò kóòdù tí wọ́n ń lò, àjọ kọ́sítọ́ọ̀mù àgbáyé ló ṣe é, láti 1988 ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà mẹ́fà àkọ́kọ́ kan náà ni ní Ṣáínà àti ní Nàìjíríà. Àwa tá a wà nínú ECOWAS fi mẹ́rin lé e, ó di mẹ́wàá. Ẹni tó ń tajà fún yín lọ́hùn-ún lè fún yín ní mẹ́fà yẹn, mẹ́rin tó kù di ọ̀dọ̀ wa níbí.

Ohun méjì ni kóòdù ń béèrè lọ́wọ́ ohun ọ̀ṣọ́: kí ni wọ́n fi ṣe é, àti ṣé ó níṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe ju pé ká máa wò ó lọ? Ère tánganran tàbí ti amọ̀ sísun wà ní 6913. Ti rọ́bà (plastic) wà ní 3926.40. Ti igi, 4420. Ti idẹ, irin tàbí aluminium, 8306. Èyí tí wọ́n fi POP (plaster of Paris) ṣe, 6809. Ohun ọ̀ṣọ́ inú ilé tó jẹ́ gíláàsì sábà máa ń bọ́ sí 7013. Ṣùgbọ́n tí aago bá wà níkùn ère yẹn, ó ti di aago nìyẹn, 9105 ló ń lọ, ohun yòówù kí wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Tó bá jẹ́ iná ló gbé lórí, ó di 9405.

Abọ́ ló máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù. Abọ́ tánganran tí wọ́n ya òdòdó sí, tó ṣì ṣeé jẹun nínú rẹ̀, 6911 ni, torí abọ́ oúnjẹ ṣì ni. Tí àwòrán inú rẹ̀ bá yọ gbùngbùn débi pé oúnjẹ kò lè jókòó síbẹ̀, tó jẹ́ pé ara ògiri nìkan ló wúlò fún, 6913 ni.

Èyí tó máa yọ yín lẹ́nu gan-an ni ère tí wọ́n ń pè ní polyresin tàbí resin, irú rọ́bà kan tí wọ́n ń dà sínú mọ́ọ̀dù, torí pé ó jọ tánganran lójú. Ẹ dojú rẹ̀ dé kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Tánganran sábà máa ń ní òrùka kan nísàlẹ̀ tí wọn kò fi dídán kùn, tó le gbárágbárá lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá fi èékánná ta á, á dún gooro. Resin kì í dún bẹ́ẹ̀, kì í tutù lọ́wọ́ tó tánganran, wọ́n sì máa ń lẹ aṣọ kékeré mọ́ ìdí rẹ̀. POP ní tirẹ̀, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ họ ìdí rẹ̀ díẹ̀, ẹfun funfun ló máa bọ́ sílẹ̀. Fún irin, ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì sí i: irin á gbà á mọ́ra, idẹ kò ní gbà á. Tánganran gidi àti amọ̀ lásán náà kò sí lórí ìlà kan. Ẹ tan iná fóònù sínú fáàsì náà. Tí ìmọ́lẹ̀ bá hàn lára ibi tó fẹ́lẹ́, 6913.10 ni, tí kò bá hàn rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 6913.90.

Ẹ padà sórí resin. Tó bá jẹ́ rọ́bà ló jẹ gàba nínú rẹ̀, 3926.40 ni. Tó bá jẹ́ òkúta lílọ̀ ni wọ́n fi resin pò pọ̀ kó lè jọ òkúta gidi, ó lè bọ́ sí 6810, níbi tí òkúta àtọwọ́dá wà. Ojú lásán kò lè yanjú ìyẹn. Ẹ ní kí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ lẹ́tà tó sọ ìdá mélòó ni òkúta àti ìdá mélòó ni resin, kí ẹ sì gbà á kẹ́ ẹ tó sanwó tó kù fún wọn. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti sanwó tán, ta ni wọ́n tún máa dá lóhùn?

Ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ wúrà náà. Ère tí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kùn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ "gold figurine" sórí invoice. Èyí tí wọ́n fi wúrà tàbí fàdákà gidi bò ní kóòdù tirẹ̀, 8306.21, èyí tí kò ní in sì wà ní 8306.29. Ẹni tó bá ka "gold" níwájú kọ̀ńténà yín máa ní kẹ́ ẹ wá ṣàlàyé. "Gold-coloured" ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Tí a bá ní ká sọ òótọ́, ajẹ́ńtì tó ní kóòdù kan á gbé gbogbo ẹrù, ìrọ̀rùn ara rẹ̀ ló ń wá. Bí wọ́n bá tú ẹrù lójú àyẹ̀wò tí wọ́n rí oríṣi mẹ́fà níbi tí ìwé ti sọ ẹyọ kan, DN, ìwé tí kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń béèrè owó tó kù, ló ń tẹ̀ lé e, owó tuntun ni yóò sì bá yín. Bẹ́ ẹ ṣe ń jà á, kọ̀ńténà ń jókòó, owó ìdádúró ń gorí ara wọn. Ìlà kọ̀ọ̀kan lórí invoice gbọ́dọ̀ ní orúkọ ọjà, ohun tí wọ́n fi ṣe é, gíga rẹ̀, iye ẹyọ, iye páálí àti owó ẹyọ kan. Fún àpẹẹrẹ, kí owó ẹyọ kan tó tẹ̀ lé e: "ceramic figurine, ornamental, 30 cm, 240 pcs, 10 cartons." Tí ohun kan bá ṣì rú yín lójú, kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà ní ètò advance ruling: ẹ kọ̀wé pẹ̀lú àwòrán àti àlàyé, wọ́n á sọ kóòdù rẹ̀ fún yín kí ẹrù tó wọ ọkọ̀ òkun.

ÌBÉÈRÈ: Gbọ̀ngàn ìnáwó là ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ní Oǹdó. Òdòdó rọ́bà la fẹ́ kó wọlé, àwọn kan nínú rẹ̀ wà nínú ìkòkò tánganran, àti igi Kérésìmesì pẹ̀lú iná rẹ̀. Ṣé ọ̀kan ni gbogbo wọn? — Oníṣẹ́ ọ̀ṣọ́, Yaba, Oǹdó

ÌDÁHÙN: Wọn kì í ṣe ọ̀kan. Òdòdó àti ewé tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, 6702.10, èyí tí wọ́n fi aṣọ ṣe, 6702.90. Àmọ́ òfin kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà: òdòdó tánganran tàbí ti irin tí wọ́n fi mọ́ọ̀dù ṣe lódindi, tí kò ní oríkèé tí wọ́n tò pọ̀, kò sí ní 6702. Ohun tí wọ́n fi ṣe é ló ń tẹ̀ lé, bí i 6913 fún tánganran.

Ní ti òdòdó inú ìkòkò, ẹ bi ara yín pé kí ni ẹni tó ń rà á ń sanwó fún. Ìkòkò kékeré tí kò ní ju gbígbé òdòdó dúró lọ kò yí kóòdù padà, 6702 ni. Tí ìkòkò bá tóbi, tó rẹwà, tó sì níye lórí débi pé ẹ kò lè sọ èwo ló ṣe pàtàkì jù, òfin ní kẹ́ ẹ mú kóòdù tó bá wà lẹ́yìn nínú ìwé. Láàárín 6702 àti 6913, 6913 ló wà lẹ́yìn.

Igi Kérésìmesì àtọwọ́dá, 9505.10. Iná rẹ̀ kò bá a lọ: okùn iná kò sí lábẹ́ 9505, 9405 ni, èyí tó jẹ́ LED sì ní 9405.31 tirẹ̀. Àbẹ́là Kérésìmesì náà kò kúrò ní 3406, bó ti wù kí wọ́n kùn ún ní pupa àti ewé tó.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní 20% ni dúútì. Kí ló dé tí owó tí ajẹ́ńtì kọ fún mi fi ju ìdá ogún owó ọjà lọ? — Alájà, Ìsìkàn, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ohun ọ̀ṣọ́ ilé ló bọ́ sí 20%, ṣùgbọ́n kì í ṣe orí owó ọjà nìkan ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀. CIF ni: owó ọjà, owó ọkọ̀ òkun àti ìbánigbófò, gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ká ní ọjà jẹ́ ₦3,000,000, ọkọ̀ ₦900,000, ìbánigbófò ₦30,000. CIF jẹ́ ₦3,930,000, dúútì ₦786,000. Owó ECOWAS, 0.5% CIF, ₦19,650. Ẹ kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó di ₦4,735,650, VAT 7.5% lórí rẹ̀ jẹ́ ₦355,174. Lẹ́nu ibodè nìkan, ₦1,160,824 ti lọ. Àwọn owó kéékèèké míì ṣì wà tí ìjọba máa ń pààrọ̀. Ẹ ní kí ajẹ́ńtì kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó má kó wọn pọ̀ sí ojú kan. Ọkọ̀ tó máa gba Ọ̀rẹ̀ wá sí Àkúrẹ́ kò sí nínú èyí.

ÌBÉÈRÈ: Jígí onífírémù, ìrọ̀rí àga àti kápẹ́ẹ̀tì kékeré ńkọ́? — Òǹkàwé kan, Oǹdó

ÌDÁHÙN: Jígí gíláàsì tó ní fírémù, 7009.92, ìbáà jẹ́ fírémù igi tàbí ti irin. Fírémù igi tó ṣófo, 4414.

Ẹ fọkàn balẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan èyí tó kù. Kápẹ́ẹ̀tì, 5701 títí dé 5705, wà nínú àkójọ ọjà tí ìjọba ní kò gbọdọ̀ wọlé. Ohun èlò ilé láti 9401 dé 9404 náà wà níbẹ̀, àfi díẹ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀, ìrọ̀rí tí wọ́n ti fi fóòmù kún inú rẹ̀ sì wà lábẹ́ 9404. Aṣọ ìrọ̀rí lásán, tí kò tíì ní fóòmù nínú, 6304 ni. Ẹ ka àkójọ náà lórí ìkànnì kọ́sítọ́ọ̀mù lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ sanwó, ẹ má lo èyí tẹ́ ẹ kà lọ́dún tó kọjá.