Ẹ má tíì ra alternator, ẹ yẹ wáyà earth wò ná

Ẹ kú ìnáwó bátìrì tuntun o. Ẹ ní ọkọ̀ yín ti lé ní ogún ọdún, bátìrì ò tíì pẹ́ tẹ́ ẹ rà á, síbẹ̀ láàárọ̀ tẹ́ ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, "kà!" ẹyọ kan lẹ máa ń gbọ́, ẹni tó ń bá yín tún un ṣe sì ní alternator, ẹ̀rọ tó ń cháàjì bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, ló kú. Ẹ fọwọ́ wọ́nú ná. Ọkọ̀ àgbà tèmi náà ti fi irú ìyà yìí jẹ mí.

Bátìrì tó gbẹ, "kà-kà-kà-kà" ló sábà máa ń dún. Kà ẹyọ kan, tó wá dákẹ́, ẹ fura sí wáyà tàbí starter, mọ́tò tó ń yí ẹ́ńjìnì kó tó jí. Ẹ tan iná iwájú, kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná bá kú pátápátá, bátìrì tàbí orí rẹ̀ níbi tí wáyà ti so mọ́ ọn ni kẹ́ ẹ dojú kọ. Bó bá ṣì ń tàn rekete, ọ̀rọ̀ wà láàárín bátìrì sí starter.

Ẹ wá mítà tó ń wọn volt. Bátìrì tó kún, tí ọkọ̀ ti sinmi mọ́jú, á fi bíi 12.6 volt hàn. Bó bá ti wá sí 12 sísàlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ cháàjì rẹ̀, torí kò sí àyẹ̀wò tó ń jóòótọ́ lórí bátìrì tó gbẹ. Tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, bíi 13.8 sí 14.5 ló yẹ kẹ́ ẹ rí.

Ibi tí tèmi ti tú síta rèé. Lára alternator gan-an, 14.4. Lórí bátìrì, ó fẹ́ẹ̀ má pé 13. Ta ló wá ń jẹ ìyókù? Mo fi ẹnu mítà kan sórí negative bátìrì, ìkejì sára irin ẹ́ńjìnì, mo ní kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Kò yẹ kó ju ìdajì volt lọ. Tèmi lé ní méjì. Wáyà earth, ìyẹn èyí tó so negative bátìrì mọ́ irin ẹ́ńjìnì, dán lóde, àmọ́ nígbà tí mo la rọ́bà rẹ̀, bàbà inú ti di àwọ̀ ewé, ó ń rún dànù lọ́wọ́ mi, abẹ́ nọ́ọ̀tì tó dè é sì ti dípẹtà. Wáyà kan náà ni starter àti alternator jọ ń lò láti padà sí bátìrì, ìyẹn ló fi dà bíi pé àwọn méjèèjì ló bàjẹ́. Mo ha irin náà títí ó fi ń kọ mànà, mo pààrọ̀ wáyà, ó tán.

Bó bá jẹ́ pé alternator ò gbé iná jáde rárá, ẹ wo fánbẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì wo gílóòbù pupa bátìrì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, iná tó ń jí alternator ń gba inú gílóòbù yẹn kọjá. Tó bá ti jó, alternator tó yè lè sùn lọ.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ láti fi dán alternator wò, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín lọ́wọ́ rẹ̀. Iná tó máa ń ru sókè lẹ́ẹ̀kan náà yẹn lè pa alternator tó yè.