Béèrè Lọ́wọ́ Màmá Olùkọ́: Ìyá Mi Àgbà Ní Irọ́ Ni Ìwé Johnson Pa

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán mà, Màmá Olùkọ́. Ọmọ Ẹdẹ ni mí, ẹni ọdún 23. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé ìtàn àti ìwé ìgbésí ayé àwọn èèyàn ńlá ni. Mo tọ́jú owó títí mo fi ra The History of the Yorubas tí Samuel Johnson kọ. Mo kà á dé ibi ìtàn àwọn ọba àtijọ́, orúkọ ọba lórí orúkọ ọba, ó sú mi. Mo bá ṣí ibi ogun Ìjàyè, mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá mi àgbà, ọmọ Àgó-Ìjàyè l'Abẹ́òkúta ni wọ́n. Inú bí wọn gan-an. Wọ́n ní irọ́ ni, pé Kúrunmí, olórí Ìjàyè, tí wọ́n ń ròyìn nílé àwọn kọ́ nìyẹn. Ṣé kí n pa ìwé náà tì, mà? Ìgbésí ayé ta ni kí n sì kọ́kọ́ kà?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, má pa á tì, má sì bá ìyá rẹ àgbà jiyàn. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn n'Ìbàdàn, kò sí èyí tó ka Johnson sétí ìyá arúgbó ọmọ Ìjàyè rí nínú wọn. Ìwọ ti ṣe é láìmọ̀, inú mi dùn sí i.

Ohun tí mo fẹ́ kí o máa bi gbogbo ìwé ìtàn nìyí: níbo ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí jókòó sí? Hastings ní Sàró (Sierra Leone) ni wọ́n bí Johnson sí ní 1846, ìran Aláàfin Abíọ́dún ni. Ó bá bàbá rẹ̀ tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọ wá sí Ìbàdàn ní kékeré. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ ní 1860, ọmọ ọdún 13 tàbí 14 ni, inú Ìbàdàn ló sì wà. Àwọn tó ń lọ bá Kúrunmí jà ni aládùúgbò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọba ló dá ogun náà sílẹ̀. Láyé ìgbà náà, tí Aláàfin bá wàjà, Àrẹ̀mọ rẹ̀ á bá a lọ. Aláàfin Àtìbà fẹ́ kí àṣà yẹn dópin, Ìbàdàn gbà. Nígbà tí Àtìbà wàjà ní 1859, Adélù ọmọ rẹ̀ gorí ìtẹ́. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ní òun ò ní wárí fún un láéláé. Lójú Ìbàdàn, olórí kunkun ni. Lójú Ìjàyè, òun nìkan ló kù tí kò ta àṣà bàbá rẹ̀. Ìjàyè fọ́ ní 1862, àwọn tó yè sá wọ Abẹ́òkúta, bí Àgó-Ìjàyè ṣe dé ibẹ̀ nìyẹn. Ṣé o wá rí ohun tó ń bí ìyá rẹ àgbà nínú?

Ìyẹn ò sọ Johnson di òpùrọ́. Ọkùnrin náà tọ àwọn àgbà lọ, ó bi wọ́n léèrè. Padà sí ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà, ibi tí gbogbo èèyàn máa ń fò. Ó dúpẹ́ níbẹ̀ lọ́wọ́ David Kúkọ̀mi, àgbà ìjọ Ìbàdàn tó ti jagun rí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Josiah Òní, oníṣòwò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sí ibi tí kò dé. Ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ. Ọba ìlú rẹ, ọmọ mi! Lẹ́yìn náà, bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ìgbà Aláàfin Abíọ́dún, nítorí láti ibẹ̀ lọ ni àwọn tó fojú rí i, tàbí tí bàbá wọn fojú rí i, ti ń sọ̀rọ̀. Àwọn ọba àtijọ́ á dúró dè ọ́.

Bébà kàláńdà ni mo fi bo tèmi, n kì í sì í yá ẹnikẹ́ni, nítorí mo mọ ohun tí ojú ìwé yẹn rí. Johnson parí rẹ̀ ní 1897. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó, ó sọnù sọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́. Johnson kú ní 1901, kò rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó gbogbo àkọsílẹ̀ tó kù jọ, ó tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tí ìyẹn náà wọ ọkọ̀ òkun Appam ní 1916, ogun àgbáyé ń lọ lọ́wọ́, àwọn Jámánì gba ọkọ̀ náà, wọ́n wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ìwé yè é. Obadiah kú ní 1920, ìwé jáde ní 1921. Nítorí náà, ọwọ́ méjì ló wà nínú ohun tí ò ń kà, àwọn méjèèjì ò sì fojú rí i.

Ti ìgbésí ayé tí o béèrè, má tíì ra ìwé ńlá. Wá lẹ́tà tí Àjàyí Crowther kọ láti Fourah Bay ní Sàró ní 1837. Ó sọ bí wọ́n ṣe kó wọn lẹ́rú l'Ọ́ṣoògùn ní 1821: ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, oúnjẹ àárọ̀ wà lórí iná, ariwo ta pé ogun ti dé. Wọ́n so okùn mọ́ wọn lọ́rùn, òun, ìyá rẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lójú òkun ní 1822, ó rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi kọ́, ó rò pé ara èèyàn ni. Ó rí ọta àgbá nílẹ̀, ó rò pé orí èèyàn ni. Ta ló lè bá a ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà yìí kan náà, ó ní wọ́n ti kọ́ òun láti máa pe ọjọ́ burúkú náà ní ọjọ́ ìbùkún. Wo ẹni tó ń kọ̀wé sí: Jowett, akọ̀wé CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì tó rán an níléèwé. Mo máa ń bi kíláàsì mi pé, ká ní ìyá rẹ̀, Àfàlá, tí kò tún fojú kàn títí di 1846, ló ń kọ ọ́ sí ńkọ́? Ọmọbìnrin kan dáhùn lọ́dún kan pé, "Á kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n padà rí nǹkan jẹ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn." N kò tíì gbọ́ ìdáhùn tó jù ú lọ.

Tí o bá ṣe tán, ka èyí tí Awólọ́wọ̀ kọ nípa ara rẹ̀, kí o sì rántí pé 1960 ló jáde, ọdún tó tẹ̀lé ìbò tí kò wọlé.

Ní ti ìyá rẹ àgbà, tètè lọ. Ohun tó mú Johnson mú gègé gan-an ni pé àwọn àgbà ń kú lọ. Fi fóònù rẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Kọ́kọ́ sọ ọjọ́ àti orúkọ wọn, kí o wá jẹ́ kí wọ́n ki oríkì Kúrunmí. Bi wọ́n pé ta ló sọ ọ́ fún wọn, ọmọ ọdún mélòó sì ni wọ́n nígbà náà. Tún ka ojú ìwé tó bí wọn nínú yẹn, ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa fèsì. Ohun tí wọ́n bá sọ, kọ ọ́ sí etí ojú ìwé náà gan-an. Pẹ́ńsù ni o, kì í ṣe báírò.