Èsì: Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n fọ́ Belisarius lójú?

Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀gbọ́n wa. Ẹ ní ṣé òótọ́ ni pé Justinian, ọba ilẹ̀ Róòmù apá ìlà oòrùn, fọ́ ojú Belisarius ọ̀gágun rẹ̀, tí Belisarius sì ń ṣagbe kiri Constantinople, olú ìlú ọba náà, títí ó fi kú. Rárá o. Ìtàn àròsọ ni, ẹ̀yìn ikú rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n hun ún. Lọ́dún 562 wọ́n fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn án, wọ́n gba iyì lára rẹ̀, àmọ́ ọba dá a padà sípò lọ́dún 563. Ọdún 565 ló kú, ọdún yẹn náà ni Justinian wàjà.

Ó máa ń dùn mí pé ìtàn agbe yìí ló gbajúmọ̀ jù. Nǹkan bí 15,000 ọmọ ogun ló fi gba Carthage, ìlú kan ní àríwá Áfíríkà, lọ́wọ́ àwọn Vandal, ẹ̀yà kan tó ń jọba níbẹ̀, lọ́dún 533! Ti Róòmù ló sì wú mi lórí jù. Lọ́dún 537 àwọn Goth, ẹ̀yà tó ń jọba ní Ítálì, dó ti ìlú náà tí Belisarius wà nínú rẹ̀, wọ́n dí omi tó ń wọlé, ọlọ tí omi ń yí bá dákẹ́. Belisarius ní kí wọ́n so ọkọ̀ ojú omi méjì-méjì pọ̀ lórí odò Tiber, kí ọlọ wà nínú ọkọ̀, kí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà láàárín, kí odò máa yí i. Àwọn Goth ń ju gẹdú àti òkú sódò kí ọlọ lè bàjẹ́. Ó ta ẹ̀wọ̀n irin dábùú odò, gbogbo rẹ̀ há síbẹ̀. Procopius, akọ̀wé rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ṣojú ẹ̀, ló kọ ọ́ sílẹ̀. Ìlú ò bọ́ sọ́wọ́ àwọn Goth. Lẹ́yìn ọdún kan ó lé díẹ̀, àwọn Goth kó ẹrù wọn lọ.