Kànga ń rùn bí bẹntiróòlù, láàbù ní kò sí nǹkan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé epo kan wà lẹ́yìn ilé wa, omi kànga wa sì ti ń rùn bí bẹntiróòlù láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta. A bu díẹ̀ sínú ike omi tí a ti mu tán, a gbé e lọ sí láàbù, wọ́n ní kò sí nǹkan. Ṣé ká padà máa mu ún?

Ìdáhùn: Ẹ má mu ún, ẹ má sì fi dáná. Síse kò ràn án: benzene, kẹ́míkà olóró kan inú bẹntiróòlù, á bá ooru jáde, ẹni tó ń dáná ni yóò fà á símú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ inú kànga náà, ẹ má gbé iná sún mọ́ ọn.

Bí benzene ṣe ń tètè fò lọ yìí náà ló ba àyẹ̀wò yín jẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti fi garawa fà á, kí ẹ dà á gbuurugbu sínú ike, kí oòrùn sì pa á dé láàbù. Kí wọ́n tó ṣí i, púpọ̀ ti lọ. Bí ẹ kò bá sì sọ pé epo lẹ ń wá, kòkòrò àti iyọ̀ ni wọn yóò wò. Benzene ni kí ẹ dárúkọ. Ìwọ̀n tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fi lélẹ̀ fún omi mímu jẹ́ 0.01 mg nínú lítà kan. Ní Nsisioken Ogale, ilẹ̀ Ògóni, ìròyìn UNEP (ẹ̀ka àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí àyíká) ti ọdún 2011 sọ pé ó ju ìlọ́po 900 ìyẹn lọ nínú kànga tí àwọn ìdílé ń mu, epo tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8 sì léfòó lórí omi abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀.

Láti mọ ibi tí epo ti ń bọ̀, a máa ń gbẹ́ kànga àyẹ̀wò, ó kéré tán mẹ́ta, kì í ṣe lórí ìlà kan, kí a lè mọ ibi tí omi ń ṣàn sí. Páìpù íńṣì 2 ni. Ojú omi gbọ́dọ̀ wà láàárín apá tó ní ihò, lójò àti lẹ́ẹ̀rùn, torí epo ń léfòó. Bí ihò bá wà nísàlẹ̀ nìkan, epo á gba òkè kọjá. Ẹ má jẹ́ kí pulọ́mbà fi gọ́ọ̀mù lẹ páìpù pọ̀, gọ́ọ̀mù ní kẹ́míkà tirẹ̀. Èyí tí a ń yí mọ́ra ni kí wọ́n lò.

Lọ́jọ́ tí a ó bu omi, a kọ́kọ́ wọn jíjìn omi, a sì wò ó bóyá epo léfòó. Omi tó ti dúró nínú páìpù kì í ṣe omi ilẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kúrò. Mítà kan páìpù íńṣì 2 gba nǹkan bíi lítà 2. Bí omi inú rẹ̀ bá ga tó mítà 4, ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ tí a máa ń fà dànù jẹ́ lítà 24. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fara mọ́ jù ni pọ́ǹpù tó ń rọra fà, kó má ju ìdajì lítà ní ìṣẹ́jú kan, kí ojú omi má sì lọ sílẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 10. Fífà kíákíá ń ru ẹrẹ̀ sókè, ó sì ń po afẹ́fẹ́ mọ́ omi. A ń ka pH (bí omi ṣe kan tó) àti bí omi ṣe ń gbé iná mànàmáná ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, bí ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra bá bára mu (pH láàárín 0.1, ìkejì láàárín 3%), ó tó láti bù. Inú dúrọ́ọ̀mù ni omi tí a fà dànù ń lọ, kì í ṣe gọ́tà.

Ìgò gíláàsì kékeré 40 mL ni láàbù ń fúnni, ásíìdì díẹ̀ ti wà nínú rẹ̀, ẹ má ṣan án. Ẹ jẹ́ kí omi rọra gba ẹ̀gbẹ́ ìgò wọlé títí yóò fi yọ gọngọ lẹ́nu rẹ̀, ẹ dé e, ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ ta á níka. Bí ẹ bá rí èéfọ́ afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo, ẹ mú ìgò mìíràn. Inú yìnyín la ń gbé ìgò sí lọ, láàbù sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọjọ́ 14.

Ohun tó sábà ń tan àyẹ̀wò jẹ nílẹ̀ wa ni jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé pọ́ǹpù ṣiṣẹ́, torí epo rẹ̀ lè kó wọ inú ìgò. Ẹni tó bu epo sí i kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìgò, kí jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀ sì jìnnà, níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ. Kànga tó mọ́ jù la ń kọ́kọ́ bù, ìbọ̀wọ́ tuntun fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ìgò omi mímọ́ kan láti láàbù bá àwọn ìgò yòókù lọ kó sì bá wọn bọ̀ láìṣí; bí benzene bá wà nínú rẹ̀, ojú ọ̀nà ló ti kó o.

Kí ẹ tó rí owó kànga àyẹ̀wò, ẹ ní kí láàbù rán ènìyàn wá bu kànga ilé yín bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì mú èsì náà lọ sọ́dọ̀ NMDPRA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilé epo.